Kì í Ṣe Ọgbẹ́ Inú

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí, ojú ń tì mí láti sọ ọ́, nítorí pé mo wà lára àwọn tó jẹ̀bi nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an ló ní kí n kọ ọ́. Ó ní bí n kò bá kọ ọ́, òun á wá ẹlòmíràn tí yóò bá òun kọ ọ́, onítọ̀hún kò sì ní fi tèmi pamọ́.

Aṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi ń tà ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti mọ̀ ọ́n ní obìnrin tí kì í jókòó. Bó bá ti kí ìrun àsùbáà tán, kò tún ní fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Òun ló ń gbé ìdì aṣọ sọ̀ kalẹ̀ fún oníbàárà, òun náà ló ń gbé e padà bí oníbàárà kò bá rà á. Nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí a ṣe Iléyá ọdún 2019, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ó ń rẹ òun. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí èèyàn ń sùn tí í sì í lọ. Bó bá ń gun àtẹ̀gùn lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àfi kó dúró lágbede méjì kó mí. Lóru, oorun kì í wá. Nígbà tí a bi í léèrè, ó ní, "Àgbà ló dé. Ẹ jẹ́ kí n gbà fún un." Ẹni ọdún 61 ni nígbà náà. Gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Iléyá, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ó pè mí lórí fóònù. Ó ní nǹkan kan há sí òun láyà, bí ìgbà tí òkèlè iyán bá há síni lọ́fun tí kò sì sí omi nítòsí. Ó ní ó ń gun òkè bọ̀ ní párì ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì ń dun òun lẹ́yìn láàárín èjìká méjèèjì. Òógùn tútù bò ó, ó sì ti bì lẹ́ẹ̀mejì. "Ìyá Ràṣídì," ló wí, "ọgbẹ́ inú mi ti jí o. Bá mi ra oògùn funfun yẹn bọ̀."

Mo ra oògùn funfun. Èmi fúnra mi ni mo gbọn ìgò, tí mo dà á sí ṣíbí, tí mo sì fún un mu. Nígbà tí kò lọ, a gbéra, ó di ilé ìwòsàn kékeré kan tí kò jìnnà sí ilé wọn. Ẹni tó dá wa lóhùn níbẹ̀ béèrè bóyá ó ti jẹun, ó béèrè bóyá ó fẹ́ràn ata, ó fún un ní abẹ́rẹ́ kan, ó sì ní kí a máa lọ sílé, kó yé fi ebi pa inú. Kò gbé ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀jẹ̀ sí i lápá. Èmi tí mo mọ ẹ̀rọ náà bí ẹni mowó, n kò rán an létí. Ẹ má tíì bá mi bú ẹni náà. Oògùn funfun tèmi ṣáájú abẹ́rẹ́ tirẹ̀.

Aago mẹ́jọ alẹ́ ti ń lù kí àbíkẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ó wo ojú ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ó gbé e sínú ọkọ̀, ó di ọsibítù ńlá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti lẹ okùn tín-ínrín tín-ínrín mọ́ ọn láyà, tí ẹ̀rọ kan sì ya bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù sórí ìwé. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dókítà obìnrin kan, ọmọdé lójú tèmi, ló wá bá wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní kì í ṣe ọgbẹ́ inú. Ó ní ọkàn tó ń pín ẹ̀jẹ̀ fún gbogbo ara, òun náà ní iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ wá fún un, pé ọ̀kan nínú àwọn iṣan yẹn ló dí, ẹ̀jẹ̀ dì sínú rẹ̀, apá ibi tí iṣan náà ń bọ́ sì ti ń kú díẹ̀díẹ̀ láti òwúrọ̀. Ó bi wá pé aago mélòó ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kò bú wa. Ó kàn yíjú wo aago ara ògiri. N kò tíì gbàgbé bó ṣe wo aago yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi kò kú, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n ẹran ọkàn tó bá ti kú kì í jí padà, àpá ló ń di. Ìrọ̀rí mẹ́ta ló fi ń sùn báyìí kó tó lè mí dáadáa. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù.

Ó wá ku tèmi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, dókítà yẹn kan náà bi mí pé, "Ìyá, ṣé àbúrò wọn lẹ jẹ́? Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n wọn tiyín náà." Ẹ̀rọ náà fún mi lápá títí, ó tú, ó wá kọ 178 lórí 104. Ó bi mí bóyá mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ní n kò mọ̀.

Irọ́ ni mo pa. Láti ọdún 2016 ni mo ti mọ̀. Wọ́n ti fún mi ní oògùn kan tí wọ́n ń pè ní amlodipine. Mo lò ó fún oṣù mẹ́ta, ẹsẹ̀ mi wú débi pé bàtà ìnáwó mi kò gbà mí mọ́. Mo dá a dúró, n kò sọ fún dókítà, n kò sọ fún ọkọ mi, n kò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Bẹ́ẹ̀, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àsálátù àwọn obìnrin wa! Bí a bá pe àwọn nọ́ọ̀sì wá láti wá wọn ẹ̀jẹ̀ wa, èmi ni mo máa ń di ìwé mú. "Àlàájà, 150 lórí 95, ẹ tètè lọ rí dókítà o." Ẹnu mi ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń jáde. Ọdún mẹ́ta gbáko, kò sí ẹni tó bi akọ̀wé pé tirẹ̀ ńkọ́, akọ̀wé kò sì sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ látorí bẹ́ẹ̀dì tó wà. Ó ní, "Nítorí bàtà?"

Nígbà tí mo jẹ́wọ́ tán, dókítà ní àwọn mọ̀ pé oògùn yẹn máa ń mú ẹsẹ̀ àwọn kan wú. Ó ní oríṣiríṣi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà, pé bí mo bá ti padà lọ sọ ọ́ ni, wọn ì bá dín in kù tàbí kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ohun tí ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún ì bá yanjú ni mo fi ọdún mẹ́ta sá fún. Mo sì mọ̀ dájú pé èmi nìkan kọ́. Àwọn kan ń bẹ láàárín wa tí wọ́n máa ń lo oògùn títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi wálẹ̀, wọ́n á wá ní ó ti san. Oògùn ló ń dì í mú wálẹ̀, kò tíì san. Bí a bá jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀, yóò tún gòkè.

Ìbéèrè kejì tó bi mí ló yà mí lẹ́nu jù. Ó ní, "Nígbà tí ẹ wà nínú oyún, ǹjẹ́ ẹ̀jẹ̀ yín ru rí?" Mo rántí ọdún 1991, oyún mi kejì. Ẹsẹ̀ wú, ojú wú, orí ń fọ́ mi, wọ́n sì rí ohun tí kò yẹ kó wà nínú ìtọ̀ mi. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde kí oṣù rẹ̀ tó pé. Lẹ́yìn náà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, a sọ ọmọ lórúkọ, a pa àgbò, a gbàgbé. Dókítà ní kò yẹ ká gbàgbé. Ó ní obìnrin tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí, ewu àrùn ọkàn tirẹ̀ ní ọjọ́ iwájú tó bí ìlọ́po méjì ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Bákan náà ni ẹni tí àtọ̀gbẹ yọjú sí nínú oyún, àní bó tilẹ̀ lọ lẹ́yìn ìbímọ. Ọmọ tí mo bí lọ́dún yẹn ti lé ní ogún ọdún dáadáa lọ́jọ́ tí mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin tí ẹ ń kà á, ẹ bi àwọn ìyá yín ní ìbéèrè yìí, kí ẹ sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí nǹkan oṣù bá dá lára obìnrin, omi ara kan tó ń bá a dáàbò bo àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń fà sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí àrùn ọkàn fi sábà máa ń tètè mú ọkùnrin ní nǹkan bí ọdún 10 ṣáájú obìnrin, tí obìnrin á wá lé e bá lẹ́yìn náà. Gbogbo wa ló rò pé àrùn ọkùnrin ni, àrùn ọ̀gá oníkùn tó ń bínú. Àwọn onímọ̀ pàápàá wà lára àwọn tó rò bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Framingham ní Amẹ́ríkà ní 1948 kó obìnrin mọ́ra, ṣùgbọ́n ìwádìí ńlá kan lórí oògùn aspirin àti ọkàn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1982, dókítà 22,071 ló wà nínú rẹ̀, ọkùnrin sì ni gbogbo wọn. Ní 1991 ni Bernadine Healy, obìnrin àkọ́kọ́ tó darí àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé àfi bí àìsàn ọkàn obìnrin bá jọ ti ọkùnrin ni wọ́n tó ń tọ́jú rẹ̀ bó ti yẹ. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti dá ìwádìí ńlá sílẹ̀ fún àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dá. Àwọn kan ti ń lérò pé bí a bá fi oògùn dá omi ara yẹn padà, ọkàn yóò bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ní 2002 ni wọ́n dá apá kan ìwádìí náà dúró láìpé ọjọ́, nítorí pé ewu tí wọ́n rí nínú àdàpọ̀ oògùn tí wọ́n ń lò ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Àwọn dókítà ṣì lè fún obìnrin ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ nítorí ooru ara àti àìsùn, ṣùgbọ́n wọn kì í fún un nítorí àtidáàbò bo ọkàn.

Ẹ jẹ́ kí n tún èyí sọ, kí ẹ má baà ṣì mí gbọ́. Àyà dídùn ṣì ni àmì tó wọ́pọ̀ jù, àtọkùnrin àtobìnrin. Ohun tó kàn jẹ́ ni pé ti obìnrin sábà máa ń mú àwọn mìíràn lọ́wọ́ wá: èémí tó ń já, èébì, òógùn tútù, párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ẹ̀yìn tó ń dùn, àti àárẹ̀ tí kò ní ìdí. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tí ìrora àyà wọn kò le rárá. Bí irú rẹ̀ bá dé, kì í ṣe àkókò oògùn funfun, kì í ṣe àkókò àgbo, kì í sì í ṣe àkókò pé kí a máa wò ó títí di ìrun aláásárì. Ọsibítù tó ní ẹ̀rọ tó ń ya lílù ọkàn sórí ìwé ni ká gbé onítọ̀hún lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹlòmíràn wa ọkọ̀, kí a sì là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo ọkàn rẹ̀."

Ní 2004, ìwádìí kan tó kó orílẹ̀-èdè 52 mọ́ra, ilẹ̀ Áfíríkà náà sì wà níbẹ̀, fi hàn pé ohun mẹ́sàn-án péré ló wà nídìí ohun tó lé ní ìdá 90 nínú ìdá 100 ewu kí ọkàn déédéé kọlu èèyàn báyìí. Sìgá wà níbẹ̀, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ikùn tó yọ síta, ìdààmú ọkàn, ọtí, àìjẹ èso àti ẹ̀fọ́, àti àìfi ara ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo kà á, sìgá àti ọtí kò kàn mí, mo sì ti fẹ́ máa yọ̀, àfi ìgbà tí mo ka èyí tó kù.

Nínú gbogbo wọn, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bà mí lẹ́rù jù, nítorí pé kì í pariwo. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkùgbé, tó kú ní 2020, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ níhìn-ín ní Ìbàdàn wa. Síbẹ̀ àwa tí a ń gbé ìtòsí ọsibítù náà ṣì ń dúró de orí fífọ́ kí a tó gbà pé ẹ̀jẹ̀ ru. Orí mi kò fọ́ lọ́jọ́ tí mo wà ní 178.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló fa ìjà jù nílé wa. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn kò kún ṣíbí tíì kan. Mo ní èmi kì í jẹ iyọ̀ púpọ̀. Ọmọ mi obìnrin wá jókòó tì mí ní ilé ìdáná, ó ń kà á: iyọ̀ tí mo bu sí ọbẹ̀, mágí mẹ́ta tí iyọ̀ kó apá tó pọ̀ nínú rẹ̀, ẹja gbígbẹ oníyọ̀, búrẹ́dì àárọ̀. Ó tún wá kan káún. N kò mọ̀ pé irú èròjà tó wà nínú iyọ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè ló wà nínú káún tí a fi ń se ewédú àti gbẹ̀gìrì. Ìyá mi ló kọ́ mi ní káún, ó sì dùn mí láti jù ú nù. Irú ni mo fi rọ́pò mágí, pẹ̀lú àlùbọ́sà, ata ilẹ̀ àti ẹja tí a kò fi iyọ̀ sí. Ọkọ mi fi oṣù kan gbáko wá iyọ̀ lórí tábìlì. Ní oṣù kejì, ó jẹun níbi wòlíìmọ̀ kan, ó sì padà wálé wá mu omi bí ẹni tó rin aṣálẹ̀ já. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sọ̀rọ̀ iyọ̀ mọ́. Bí a bá fẹ́ sòótọ́, oúnjẹ ìnáwó wa ti di oògùn olóró: ìrẹsì olóròóró, ẹran díndín, ẹlẹ́rìndòdò ìgò méjì. Ikùn wa kò sì mọ̀ pé sàrà ni. Bí ìbàdí obìnrin bá ti kọjá sẹ̀ǹtímítà 80, ewu ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Bó bá kọjá 88, ó ti pọ̀ gan-an. Tèmi jẹ́ 101 nígbà náà, àwọn èèyàn sì ń kí mi kú ọlà.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin àgbà obìnrin gbọ́. Àwọn oògùn orúnkún tí a ń rà ní kẹ́mísì, tí wọ́n máa ń kó oríṣi mẹ́rin márùn-ún jọ sínú ọ̀rá kékeré kan, púpọ̀ nínú wọn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ sókè. Ibuprofen àti diclofenac wà lára wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń lò wọ́n lálaalẹ́ fún ọdún pípẹ́.

Nígbà tí oṣù àwẹ̀ kejì lẹ́yìn àìsàn náà ń bọ̀, mo tọ dókítà lọ ṣáájú. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ mi ti dúró ire, mo lè gbà á, ó yan oògùn tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ fún mi, ó sì gbé èyí tó ń múni tọ̀ lọ sí àkókò ìṣínu kí òùngbẹ má baà pa mí lọ́sàn-án. Ti ẹ̀gbọ́n mi yàtọ̀. Wọ́n ní kó má gbà á. Ó sunkún. Ó ní láti ọmọ ọdún 12 òun kò ṣí àwẹ̀ rí láìjẹ́ nítorí nǹkan oṣù tàbí ìbímọ. Ó fẹ́ gbà á ní kọ̀rọ̀, kó sì máa fo oògùn ọ̀sán. Àáfáà wa ló wá bá a sọ ọ́, ó jókòó tì í fún bíi wákàtí kan. Ó ní ìyọ̀ǹda tí Ọlọ́hun ṣe fún aláìsàn, ta ni ẹ̀gbọ́n mi tí kò fẹ́ gbà á? Ó ń bọ́ aláìní kan lójoojúmọ́ dípò rẹ̀ báyìí, ó sì máa ń bá wa jí se sààrì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ lásán ló fi ń ṣe ọ̀gá ní ilé ìdáná.

Ìrìn la jọ ń rìn. Ìṣẹ́jú 150 láàárín ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ní kí àgbàlagbà fi ara ṣiṣẹ́, ìyẹn ìṣẹ́jú 30 fún ọjọ́ márùn-ún. Tèmi pé. Ti ẹ̀gbọ́n mi, ibi tí dókítà rẹ̀ bá ní kó dúró ló ń dúró. A máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà, a máa ń dé ìdí igi máńgòrò kan, níbẹ̀ ni yóò ti jókòó, èmi á lọ, èmi á bọ̀, á ti máa bá ẹlẹ́kọ sọ̀rọ̀.

Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni mo ń wọn ẹ̀jẹ̀ nílé ẹ̀gbọ́n mi. Ó gba ìwé lọ́wọ́ mi pátápátá. Òun ló ń pàṣẹ: kí n lọ tọ̀ ná, kí n jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí n fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ mi méjèèjì kanlẹ̀, kí n gbé apá sórí tábìlì, kí n ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀rọ náà kọ 134 lórí 82. Mo ti ń na ọwọ́ kí n bọ́ ọ kúrò, ó lù mí lọ́wọ́. Ó ní òun gbọ́ tí mo ń bá ọmọ-ọmọ òun sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ náà ń fún, kí n jókòó, kí n pa ẹnu mi dé, ká tún un wọ̀n.